Bí a ṣe lè ka agbára tí oko sóyà wa ń jẹ, ká sì dín in kù

Àwa àgbẹ̀ mọ iye owó tí oko ń jẹ. Bí wọ́n bá jí wa lóru, a lè ka iye tí a san fún ọlọ́katakata, iye tí àpò ajílẹ̀ jẹ́ lọ́dún yìí àti iye tó jẹ́ lọ́dún tó kọjá, ká sì tún fi èpè díẹ̀ kún un. Agbára tí oko ń jẹ ni a kì í kà: epo, gáàsì àti iná tó ti jó kí sóyà tó wọ inú àpò. Ohun tó jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ sí í kà á ni pé apá tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kì í jó lójú wa. Ilé iṣẹ́ tó jìnnà ló ti jó, wọ́n dì í sínú àpò, ọkọ̀ gbé e wá sí Òkè-Ògùn, àwa wá ń fi ọwọ́ ara wa fọ́n ọn sí oko tí kò bẹ̀ wá.

Sóyà ni mò ń sọ níbí. Ẹni tó ń gbin ẹ̀pà lè tẹ̀ lé ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ bó ṣe wà. Ẹni tó ń gbin ẹ̀gúsí tàbí yàmọ̀tí lè lo ìṣirò náà, àmọ́ kó fo ibi tí mo ti sọ̀rọ̀ gbòǹgbò, torí pé àwọn yẹn ò lè wá oúnjẹ ara wọn láti inú afẹ́fẹ́.

Ohun tí ẹ máa nílò kò pọ̀: ìwé kékeré kan, bírò, kégi tí wọ́n sàmì lítà sí lára, àti fóònù tó lè wọn ilẹ̀. Ẹ di ìwé náà sínú ọ̀rá, kí ẹ fi í síbi tí ẹ ń kó àdá àti ọkọ́ sí. Èyí tí ẹ bá fi sílé, ẹ ò ní kọ nǹkan kan sínú rẹ̀.

1. Ẹ wọn ilẹ̀ ná

Éékà tí ọlọ́katakata ń kà àti éékà inú ìwé kì í sábà dọ́gba. Éékà kan jẹ́ mítà onígun mẹ́rin 4,047. Hẹ́kítà kan jẹ́ 10,000, ìyẹn ilẹ̀ tó gùn ní 100 mítà tó sì fẹ̀ ní 100 mítà. Éékà méjì àbọ̀ ló sún mọ́ hẹ́kítà kan. Ẹ tan GPS fóònù yín, ẹ fi ẹsẹ̀ rin ààlà oko yíká, kí ẹ kọ iye tó bá gbé jáde.

Oko tí èmi ti ń pè ní éékà mẹ́ta láti ọjọ́ pípẹ́, nígbà tí mo rìn ín yíká, kò pé méjì àbọ̀. Ẹ bá mi rò ó wò: ajílẹ̀ éékà mẹ́ta ni mo ti ń fọ́n sí i látọjọ́ yìí, owó ìtúlẹ̀ éékà mẹ́ta ni mo sì ń san.

2. Ẹ kọ ohun gbogbo tó bá wọ oko sílẹ̀

Dísẹ́ẹ̀lì ló le jù láti mọ̀, torí pé iye owó ni ọlọ́katakata máa ń dá fún wa, kì í dá iye lítà. Bí ẹ ṣe máa ṣe é nìyí. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ẹ ní kó gbé katakata sí ibi tó tẹ́jú, kí ẹ rọ epo sí táǹkì rẹ̀ títí yóò fi kún dé ẹnu. Bó bá ti túlẹ̀ tán, kó padà sí ojú ibi kan náà, kí ẹ wá fi kégi olámì yẹn rọ dísẹ́ẹ̀lì sí i títí yóò fi tún dé ẹnu. Iye tí ẹ rọ lẹ́yìn iṣẹ́ ni iye tí ilẹ̀ yín jẹ. Ibi tó tẹ́jú ni mo wí o. Bí katakata bá fì sí apá kan, lítà bíi mélòó kan á sá lọ mọ́ yín lọ́wọ́. Àwọn awakọ̀ mìíràn máa ń fajú ro bí ẹ bá ní ẹ fẹ́ wọn epo. Ẹ ṣàlàyé fún wọn pé kì í ṣe olè lẹ ń pè wọ́n, kí ẹ fi ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù kan lé e.

Ní ti ajílẹ̀, ẹ má kọ "àpò márùn-ún" lásán. Ẹ kọ nọ́ńbà tó wà lára àpò náà. NPK 15-15-15 túmọ̀ sí pé nínú 100 kílò, 15 jẹ́ nitrogen, 15 jẹ́ phosphate, 15 jẹ́ potash. Nítorí náà, àpò oní-50-kílò kan ní kílò 7.5 ti ọ̀kọ̀ọ̀kan nínú. Yúríà jẹ́ 46, nitrogen nìkan ló sì wà níbẹ̀: kílò 23 nínú àpò kan.

Ẹ kọ lítà oògùn apakoríko àti iye gíráàmù tí wọ́n kọ sára ìgò rẹ̀. Ẹ kọ bẹntiróòlù tí ẹ̀rọ ìpakà mu. Ẹ kọ iye ènìyàn tó ṣiṣẹ́ àti iye wákàtí tí wọ́n lò, ti ìyàwó àti ọmọ náà wà níbẹ̀. Ìgbà tí a ò sanwó fún wọn ni a máa ń gbàgbé wọn. Ẹ kọ kílò irúgbìn.

3. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ di ẹyọ kan

A ò lè fi lítà kún kílò, ká tún fi wákàtí lé e. Mẹ́gájúùlù ni àwọn onímọ̀ iṣẹ́ àgbẹ̀ fi ń ka agbára. Kí ọ̀rọ̀ náà má bàa dẹ́rù bà yín, kílò kan gáàsì tí a fi ń dáná nílé ní nǹkan bíi mẹ́gájúùlù 46. Iye tí mò ń lò nìyí, bó ṣe sún mọ́ èyí tí wọ́n sábà máa ń lò nínú irú ìṣirò yìí:

- dísẹ́ẹ̀lì, lítà kan: 36
- bẹntiróòlù, lítà kan: 32
- nitrogen inú ajílẹ̀, kílò kan: 60
- phosphate, kílò kan: 11
- potash, kílò kan: 7
- glyphosate (oògùn apakoríko), kílò kan ògidì oògùn: 450
- iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn, wákàtí kan: 2
- sóyà fúnra rẹ̀, kílò kan: 24

Ẹ tún nitrogen yẹn wò. Bí a bá pín afẹ́fẹ́ tí à ń mí sí ọ̀nà 100, 78 nínú rẹ̀ ló jẹ́ nitrogen, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ó so mọ́ra wọn débi pé irè oko ò lè jẹ ẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọdún 1909 ni onímọ̀ kẹ́míkà kan, Fritz Haber, fi hàn ní Jámánì pé a lè já a; Carl Bosch sọ ọ́ di iṣẹ́ ńlá, ilé iṣẹ́ àkọ́kọ́ sì bẹ̀rẹ̀ ní ìlú Oppau níbẹ̀ lọ́dún 1913. Ooru gbígbóná janjan àti ìfúnpọ̀ líle ló ń gbà, gáàsì abẹ́ ilẹ̀ sì ni ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ ń lò fún un títí dòní. Àwọn ilé iṣẹ́ tuntun ti dín tiwọn kù sí ìsàlẹ̀ 60, àmọ́ bí a tilẹ̀ dín in kù, ó ṣì pọ̀. Ẹ ṣe é wò pẹ̀lú àpò yúríà kan: kílò 23 lọ́nà 60 jẹ́ 1,380. Agbára lítà dísẹ́ẹ̀lì 38 ni ẹ gbé lérí yẹn.

4. Ẹ ṣe àròpọ̀

Ká ní àgbẹ̀ kan dá hẹ́kítà sóyà kan. Katakata túlẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, ó fi hárò fọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan, lítà 40 ló jẹ: mẹ́gájúùlù 1,440. Ó fọ́n NPK 15-15-15 àpò mẹ́rin. Nitrogen inú rẹ̀ jẹ́ kílò 30, phosphate 30, potash 30. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 2,340. Ó tún bu yúríà àpò kan lé e nítorí pé ewé rẹ̀ pọ́n díẹ̀: 1,380. Glyphosate lítà mẹ́rin, 360 gíráàmù nínú lítà kan: 648. Bẹntiróòlù ìpakà lítà 8: 256. Iṣẹ́ ọwọ́ 180 wákàtí: 360. Irúgbìn 50 kílò: 1,200.

Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 7,624. Ajílẹ̀ nìkan kó 3,720 nínú rẹ̀, ó kù díẹ̀ kó pé ìdajì. Katakata tó ń pariwo tó sì ń yọ èéfín dúdú, tí gbogbo ayé ń wò, kò tó ìdá márùn-ún kan.

Agbára sì nìkan kọ́. Bí nitrogen bá ti wọ ilẹ̀, àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ilẹ̀ máa ń sọ díẹ̀ nínú rẹ̀ di gáàsì nitrous oxide. Nínú ìṣirò tí IPCC, ìgbìmọ̀ àgbáyé tó ń yẹ ọ̀rọ̀ ìyípadà ojú ọjọ́ wò, fi lélẹ̀, nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún nitrogen tí a fọ́n ló ń lọ bẹ́ẹ̀. Ó dà bíi pé kò tó nǹkan, ṣùgbọ́n gáàsì yìí ń dá ooru dúró lójú ọ̀run ní ìlọ́po 273 ti carbon dioxide láàárín ọgọ́rùn-ún ọdún. Fún kílò nitrogen 53 tí àgbẹ̀ wa yìí fọ́n, ó jẹ́ bí ẹni tú kílò carbon dioxide 227 sójú ọ̀run. Lítà dísẹ́ẹ̀lì kan, tí ó bá jó, ń tú bíi kílò 2.7, nítorí náà lítà 40 rẹ̀ jẹ́ 108. Ajílẹ̀ tí kò rú èéfín kankan fi ìlọ́po méjì ju katakata lọ, a ò sì tíì ka èyí tó jó ní ilé iṣẹ́ mọ́ ọn.

5. Ẹ jẹ́ kí sóyà bọ́ ara rẹ̀

Ibí gan-an ni iṣẹ́ wà. Àwọn kòkòrò àìfojúrí kan máa ń kọ́lé sára gbòǹgbò sóyà, wọ́n ń fa nitrogen láti inú afẹ́fẹ́, wọ́n ń fún un jẹ, òun náà ń fún wọn ní ṣúgà. Ọ̀fẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe iṣẹ́ tí Oppau ń fi iná ṣe. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni pé ilẹ̀ Éṣíà ni sóyà ti wá, àwọn kòkòrò tó mọ̀ ọ́n níbẹ̀ ò bá a wá. Ìdí nìyẹn tí IITA, ilé ìwádìí tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Ìbàdàn lọ́dún 1967, fi ṣe àwọn irú tí orúkọ wọn bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú TGx: wọ́n fẹ́ èyí tó lè bá kòkòrò inú ilẹ̀ tiwa ṣe. TGx 1835-10E máa ń tètè gbó. TGx 1448-2E máa ń pẹ́ díẹ̀ sí i. Bí ẹ bá ń ra irúgbìn, ẹ bèèrè orúkọ rẹ̀. Sóyà oúnjẹ tí wọ́n ń wọ̀n ní kóńgò lọ́jà, ẹ ò lè mọ ibi tó ti wá.

Báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá wọ́n ń ṣiṣẹ́? Ní ọ̀sẹ̀ kẹfà sí ìkeje lẹ́yìn ìgbìn, ẹ mú igi sóyà márùn-ún láti ibi márùn-ún ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má fà á tu, àwọn kókó náà á já sílẹ̀. Ọkọ́ ni kí ẹ fi gbẹ́ ẹ yíká, kí ẹ rẹ ìdí rẹ̀ sínú bàsíà omi kí erùpẹ̀ fi gbọ̀n kúrò. Ẹ máa rí kókó róbótó róbótó lára gbòǹgbò, àwọn mìíràn tó èso ata iyèré, àwọn mìíràn tóbi jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi èékánná bẹ́ ọ̀kan sí méjì. Bí inú rẹ̀ bá pọ́n bí ẹni fi osùn ra á, iṣẹ́ ń lọ. Bí ó bá funfun, kò tíì ṣe nǹkan kan, ó sì lè má ṣe é rárá. Bí ó bá ti di àwọ̀ ewé, ó ti lo ìgbà tirẹ̀ tán. Nígbà tí mo kọ́kọ́ bẹ́ ẹ níṣojú ọmọ mi, ó bi mí pé ṣé ẹ̀jẹ̀ ni. Kò jìnnà sí i: ohun tó fún un ní àwọ̀ yẹn bá èyí tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ wa tan.

Bí kókó pupa bá pọ̀ lára igi mẹ́rin nínú márùn-ún, ẹ gbàgbé yúríà. Bí ẹ ò bá rí wọn, tàbí tí ilẹ̀ náà ò rí sóyà rí, ẹ wá oògùn irúgbìn tí wọ́n fi kòkòrò yìí ṣe fún ìgbìn tó ń bọ̀. Wọ́n ti ṣe ọ̀kan tó ń jẹ́ NoduMax ní IITA. Abẹ́ ibòji ni kí ẹ ti pò ó. Ẹ fi omi tí ẹ po ṣúgà díẹ̀ sí wọ́n irúgbìn kí ara rẹ̀ lè lẹ̀, ẹ da oògùn náà lé e gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ sára páálí, ẹ rò ó títí ara gbogbo rẹ̀ fi dúdú, kí ẹ sì gbìn ín lọ́jọ́ náà gan-an. Ohun ẹlẹ́mìí ni. Oòrùn ń pa á, ajílẹ̀ tó bá kàn án ń pa á, orí bọ́nẹ́ẹ̀tì mọ́tò náà sì ń pa á, ẹ má bi mí bí mo ṣe mọ̀.

Àmọ́ ẹ má yọ phosphate o. Òun ni àwọn kókó yẹn fi ń dúró. SSP, ìyẹn ajílẹ̀ tí phosphate wà nínú rẹ̀ láìsí nitrogen, àpò mẹ́ta fún hẹ́kítà kan tó fún ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa: kílò phosphate 27, mẹ́gájúùlù 297 péré. Bí ẹ bá ti yẹ ilẹ̀ yín wò ní yàrá àyẹ̀wò, iye tí wọ́n bá sọ fún yín ni kí ẹ tẹ̀ lé.

Lọ́dún kan mo ṣe bíi ti àgbẹ̀ inú àpẹẹrẹ yẹn, yúríà àti gbogbo rẹ̀. Sóyà mi dúdú minimini, ó ga dé ìbàdí, àwọn èrò ọ̀nà ń yà wò ó. Nígbà tí ìjì òjò kan fẹ́ ẹ, ó dùbúlẹ̀ bí ẹní. Ewé ni mo fi owó ajílẹ̀ rà. Pódì rẹ̀ kò pọ̀ ju ti aládùúgbò mi tí kò fọ́n nǹkan kan lọ.

Ní Bràsíl, ọ̀nà yìí ni wọ́n gbà. Láti àwọn ọdún 1960 ni obìnrin onímọ̀ ilẹ̀ kan, Johanna Döbereiner, ti tẹnu mọ́ ọn pé kí wọ́n máa yan irú sóyà tó lè fi kòkòrò bọ́ ara rẹ̀, kí wọ́n má sọ ọ́ di ọmọ ajílẹ̀. Títí dòní ọ̀pọ̀ jù lọ àgbẹ̀ sóyà níbẹ̀ kì í fọ́n nitrogen.

6. Ẹ dín ìtúlẹ̀ kù, ṣùgbọ́n ẹ má fi oògùn rọ́pò rẹ̀ láìronú

Ìtúlẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan àti hárò ẹ̀ẹ̀kan tó fún sóyà bí ilẹ̀ bá ti rọ̀. Ẹ bu erùpẹ̀ kún ọwọ́, ẹ fún un. Bí ó bá di mọ́ra tí ó sì fọ́ nígbà tí ẹ fi ìka tẹ̀ ẹ́, ẹ pe katakata. Bí ó bá ń yọ̀ bí amọ̀, ẹ dúró. Taya á tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ kó le, gbòǹgbò ò ní ráyè wọlé. Bí ó bá gbẹ gan-an, epo tí ẹ máa jó ò ní kéré. Ní ẹ̀gbẹ́ òkè, ẹ ní kó túlẹ̀ ní ìdábùú òkè náà. Bó bá túlẹ̀ láti òkè wá sísàlẹ̀, ọ̀nà ni ó là fún àgbàrá.

Àwọn kan á ní kí a má túlẹ̀ rárá, ká sáà fi oògùn pa koríko. Ó dára fún ilẹ̀, n ò jiyàn, ṣùgbọ́n ẹ kà á: lítà glyphosate mẹ́rin jẹ́ mẹ́gájúùlù 648, bíi lítà dísẹ́ẹ̀lì 18. Ẹni tó yọ ìtúlẹ̀ kan, tó wá wọ́n oògùn ní ìlọ́po méjì, kò rí nǹkan kan jẹ níbẹ̀. Ohun tó ń dín méjèèjì kù ni pé kí ẹ gbìn ín súnmọ́ra. Bí ẹ bá fi 50 sẹ̀ǹtímítà sáàárín ìlà kan sí èkejì dípò 75, ewé á tètè pàdé, koríko ò ní rí oòrùn.

Oògùn tí ẹ bá sì máa lò, ẹ wo orúkọ rẹ̀. NAFDAC ti fòfin de paraquat láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2024, àti atrazine láti ìbẹ̀rẹ̀ 2025. Ti àgbàdo ni atrazine tẹ́lẹ̀ náà, sóyà ò lè gbà á. Ẹ fi omi ṣan ìgò tó ti tán lẹ́ẹ̀mẹta sínú ẹ̀rọ ìwọ́n oògùn, kí ẹ dá a lu. Mo ti rí epo pupa nínú irú ìgò bẹ́ẹ̀ lọ́jà.

7. Igbó tí ẹ ò ṣán

Gbogbo ìṣirò tí a ti ń ṣe yìí, orí ilẹ̀ tó ti ń jẹ́ oko ni. Bí ó bá jẹ́ igbó tó ti sinmi fún ogún ọdún lẹ ṣán tí ẹ sì jó nítorí sóyà, ẹ lè fi ìwé náà sílẹ̀. Kò sí iye yúríà tí ẹ máa yọ tó lè dí ohun tó bá èéfín yẹn lọ. Ohun tí ayé ń bá Bràsíl jà lé lórí nípa sóyà nìyẹn. Ní 2006 àwọn tó ń rà á fohùn ṣọ̀kan pé àwọn ò ní ra èyí tí wọ́n gbìn sórí ilẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gé igbó Amazon kúrò lórí rẹ̀.

Ní tiwa, eyín àdá ti kọjú sí igi òrí àti igi igbá, torí èédú. Àwọn baba wa máa ń dá wọn sí láàárín oko, wọ́n sì ní ìdí. Ẹ dá wọn sí. Òrí gan-an, irè elépo ni, kò sì bẹ̀ yín ní ajílẹ̀ kankan.

8. Ìkórè, àti àròpọ̀ kejì

Ẹ gbìn ín láàárín oṣù Kẹfà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Keje kí ó lè gbó nígbà tí òjò bá ń lọ. Oòrùn á bá yín sá a lọ́fẹ̀ẹ́. Bí ọ̀pọ̀ pódì rẹ̀ bá ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ tí ewé sì ti rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ mọ́ kó tó máa fọ́n ká. Ẹ fi dòjé gé e nídìí, ẹ má fà á tu: gbòǹgbò àti kókó yẹn á jẹrà sílẹ̀ fún irè tó ń bọ̀. Orí tapólì ni kí ẹ ti sá a. Ẹ fi eyín gé ẹyọ kan. Bó bá fọ́ pàkà, ẹ pa á. Èèpo rẹ̀, ẹ fún ewúrẹ́ tàbí kí ẹ dá a padà sóko, ẹ má ṣáná sí i.

Ẹ wá padà sórí àgbẹ̀ inú àpẹẹrẹ wa. Ó yọ NPK àti yúríà, ó fọ́n SSP àpò mẹ́ta, ó túlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan dípò ẹ̀ẹ̀mejì, lítà dísẹ́ẹ̀lì rẹ̀ di 25. Àròpọ̀ rẹ̀ bọ́ láti 7,624 sí 3,661. Ká ní kílò 1,500 ló kó lọ́dún méjèèjì, agbára inú sóyà náà jẹ́ 36,000. Tẹ́lẹ̀, mẹ́gájúùlù kan tó fi sílẹ̀ ń bí nǹkan bíi 4.7, ní báyìí ó ń bí 9.8. Ẹ pín tiyín náà bẹ́ẹ̀, kí ẹ sì pín àròpọ̀ yín sí iye kílò tí ẹ kó: tirẹ̀ jẹ́ 5.1 fún kílò kan tẹ́lẹ̀, 2.4 nísinsìnyí.

Ẹ má pa ìwé náà tì o. Bí àgbàdo bá wọ orí ilẹ̀ sóyà yìí lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ pa ìlà kékeré kan sọ́tọ̀ nínú oko náà, kí ẹ fún un ní yúríà tó dín ní ìdajì sí ti ìyókù. Ẹ fi igi gún un kí ẹ má bàa gbàgbé ibẹ̀, kí ẹ sì wọn èyí tí ìlà yẹn kó lọ́tọ̀.